Warped tàbí Wrath of Cortex? Fún ẹni tó fẹ́ ra Crash sórí PS2 ní Àkúrẹ́

Ẹni tó bá ní PS2 (ẹ̀rọ géèmù PlayStation 2) tòkunbọ̀ nílé, tí àwọn ọmọ sì ń dárúkọ Crash, géèmù ẹranko tó ń sáré tó ń fò, sí i létí láràárọ̀, méjì ni yóò bá lórí àtẹ àwọn tó ń ta sídíì géèmù, ìbáà jẹ́ lójú títì Arákálẹ̀ tàbí lágbègbè Ọjà Ọba. Ọ̀kan ni Crash Bandicoot: Warped, tó jáde fún PS1, ẹ̀rọ tó ṣáájú PS2, ní 1998, tí PS2 náà sì ń gbà wọlé. Èkejì ni The Wrath of Cortex, tó jáde ní 2001, tí wọ́n dìídì ṣe fún PS2. Oníṣọ́ọ̀bù yóò ní kí ẹ mú èyí tuntun. Èmi náà, èyí tuntun ni mo mú.

Warped ni mo kọ́kọ́ mọ̀. Ìlú Oǹdó ni, nílé ẹ̀gbọ́n màmá mi, níbi tí mo ti máa ń lo ọlidé. Ọmọ mẹ́rin la jẹ́, páàdì kan ló wà. Ẹni tí Crash bá kú mọ́ lọ́wọ́, kó gbé páàdì fún ẹni tó kàn. Nígbà tí èmi náà di ìyá ọmọ méjì ní Àkúrẹ́, tí mo ra PS2 fún wọn, ohun tí mo fẹ́ ni kí wọ́n jẹ adùn tí mo jẹ. Oníṣọ́ọ̀bù ní Warped ti gbó, pé Wrath of Cortex ló tẹ̀lé e, pé àwòrán rẹ̀ dán ju ti ìṣáájú lọ fíìfíì. Òótọ́ ló sọ nípa àwòrán. Mo sanwó, mo gbé e lọ sílé.

Ohun tí n kò mọ̀ nígbà náà ni pé ọwọ́ tó se ọbẹ̀ àkọ́kọ́ kọ́ ló se èyí. Ilé-iṣẹ́ Naughty Dog ló ṣe Crash mẹ́ta àkọ́kọ́, ní 1996, 1997 àti 1998. Lẹ́yìn tí wọ́n ṣe ti ìdíje ọkọ̀ ní 1999, wọ́n fi Crash sílẹ̀, ilé-iṣẹ́ mìíràn, Traveller's Tales, ló sì ṣe Wrath of Cortex. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ìdúró

Ibi tó dùn mí jù ni mo fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Nínú Wrath of Cortex, bíi ti Warped, àwọn iyàrá wà láàárín tí ẹ ti ń yan ìpele tí ẹ fẹ́ wọ̀. Ẹ yan án, ẹ dúró kó lóòdù. Ẹ parí ìpele, ẹ ń padà sí iyàrá, ẹ tún dúró. Bí ẹ bá ṣèèṣì wọ ìpele tí ẹ kò fẹ́, tí ẹ ní kí ẹ jáde, ìdúró náà ni. Mo gbé fóònù jáde lọ́jọ́ kan, mo wọ̀n ọ́n: ó súnmọ́ ìdajì ìṣẹ́jú lórí ẹ̀rọ wa. Warped náà máa ń dúró díẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹ tó fa àga mọ́ra, ó ti gbé yín wọlé.

Mo rò pé ẹ̀rọ wa ló ń ṣàìsàn. Lẹ́ńsì tó ń ka sídíì nínú PS2 tòkunbọ̀ máa ń rẹ̀ ẹ́, gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún un ṣe nítòsí Òkè-Àró. Ó ní òun á kọ́kọ́ fọ lẹ́ńsì náà wò, mo ní kó kúkú pààrọ̀ rẹ̀. Mo san owó lẹ́ńsì, mo san owó iṣẹ́. Mo délé, mo ki sídíì bọ̀ ọ́: ìdajì ìṣẹ́jú. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, mo mú sídíì kan náà lọ sílé aládùúgbò wa tí PS2 pẹlẹbẹ tirẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ bí ẹni pé àná ni wọ́n yọ ọ́ nínú páálí. Kò yàtọ̀. Bí géèmù náà ṣe rí nìyẹn. Láti ọdún tó ti jáde ni àwọn tó ń yẹ géèmù wò ti ń ráhùn nípa ìdúró yìí, èmi ni n kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí n tó náwó sórí lẹ́ńsì.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ìpele 25 ló wà, láìka àwọn tó fara pamọ́. Ẹ ó wọ ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan kí ẹ lè mú kírísítálì, òkúta dídán tó wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti parí rẹ̀ ni aago ìdíje á tó yọ síbẹ̀, ẹ ó tún padà wọ̀ ọ́ láti sá eré pẹ̀lú aago. Ìwọlé méjì, ìjáde méjì, lọ́nà 25: ìdúró 100 nìyẹn. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá gba ìdajì ìṣẹ́jú, àádọ́ta ìṣẹ́jú ni ẹ ó fi wo ojú tẹlifíṣọ̀n lásán, ìyẹn bí ẹ bá mọ̀ ọ́n gbá tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ kì í kùnà. Ọmọ ọdún mẹ́jọ kò mọ̀ ọ́n gbá tó bẹ́ẹ̀.

Nílé tí iná kì í lọ, bóyá ẹ lè fara dà á. Nílé tiwa, wákàtí kan ni mo máa ń tan jẹnẹrétọ̀ fún àwọn ọmọ lálẹ́ ọjọ́ tí kò bá síná, kí wọ́n tó sùn. Mo pín wákàtí náà sí méjì, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò pẹ́ tí ìjà fi bẹ̀rẹ̀: ṣé àsìkò tí géèmù fi ń lóòdù wà lára ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ẹni tí páàdì wà lọ́wọ́ rẹ̀? Àbúrò ní rárá, pé òun kò tíì gbá nǹkan kan. Ẹ̀gbọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, pé epo ń jó. Àwọn méjèèjì ló jàre, n kò sì rí ẹjọ́ náà dá dòní. Nígbà tí a padà sí Warped, ìjà náà dópin fúnra rẹ̀, torí kò sí ohun tó pọ̀ níbẹ̀ tí wọ́n lè jà lé lórí.

Ohun tó sì ń ká mi lára ni pé PS2 kọ́ ló fa ìdúró náà. Ní oṣù December 2001, kété lẹ́yìn tí Wrath of Cortex jáde, àwọn tó ṣe Warped gbé géèmù mìíràn, Jak and Daxter, jáde lórí ẹ̀rọ kan náà. Nínú ìyẹn, ẹ lè rìn láti etí òkun dé ibi òkè oníná láìsí pé ojú tẹlifíṣọ̀n ṣókùnkùn tó ní kí ẹ dúró. Bí ẹ bá rí i rà, ẹ má wulẹ̀ ka èyí tó kù nínú ohun tí mo kọ. Mo ti wá a káàkiri Àkúrẹ́, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo rí i, sídíì náà sì ti ha débi pé kò ṣí.

Àrà kan wà tí ẹ lè fi mú kí Warped tún yá sí i. Ẹ tan PS2 láìfi sídíì sí i, ẹ tẹ bọ́tìnnì onígun mẹ́ta lójú ewé àkọ́kọ́, ẹ wọ ibi tí wọ́n kọ PlayStation Driver sí, ẹ yí Disc Speed sí Fast. Ibẹ̀ náà ni Texture Mapping wà. Ẹ yí i sí Smooth kí àwòrán lè jọ̀lọ̀ díẹ̀. Tí ẹ bá pa ẹ̀rọ, àfi kí ẹ tún un ṣe. Géèmù PS1 nìkan ló ń ṣiṣẹ́ fún, kò lè gba Wrath of Cortex là.

Mẹ́mọ́rì káàdì

Ibí ni Warped ti lè mú yín ná owó lẹ́ẹ̀mejì, ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Mẹ́mọ́rì káàdì ni wọ́n ń fi ìgbésẹ̀, ìyẹn ibi tí ẹ gbá géèmù dé, pamọ́ sí. Ti PS2, èyí tó jẹ́ 8MB, kì í jẹ́ kí géèmù PS1 fi ìgbésẹ̀ pamọ́ sórí rẹ̀ tààrà. Ẹ gbọ́dọ̀ ra ti PS1 lọ́tọ̀. Ihò kan náà ló ń wọ̀, ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń rò pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Ẹni tó ta tiwa kò sọ fún wa. A gbá Warped títí dé iyàrá kẹta, a fẹ́ fi pamọ́, ó ní òun kò rí káàdì kankan. Iná lọ ní nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú lẹ́yìn náà. Àbúrò sunkún sùn.

Wrath of Cortex ń lo 8MB yẹn láìsí wàhálà. Mo gbà fún un níbẹ̀.

Ìjà àti ìrìn

Nínú Warped, ọ̀tá márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà ní ìparí iyàrá márààrún: Tiny, Dingodile, N. Tropy, N. Gin àti Cortex, olórí ọ̀tá, fúnra rẹ̀. Olúkúlùkù ní bí ẹ ó ṣe mú un. Ẹ bá ọ̀kan jà lójú agbo, ẹ bá òmíràn jà níbi tó ti ń yìnbọn iná, bí ẹ bá sì borí, agbára tuntun ni wọ́n á fún yín: ìfò méjì, ìyípo tó ń pẹ́ lẹ́sẹ̀, bàtà eré. Nínú Wrath of Cortex, ọ̀tá kan ṣoṣo tó ń jẹ́ Crunch ni ẹ ó máa bá pàdé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí àwọn ẹlẹ́mìí ilẹ̀, omi, iná àti afẹ́fẹ́ ń pààrọ̀ agbára fún un. Agbára tí wọ́n sì ń fún yín lẹ́yìn rẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni ẹ ti mọ̀ láti inú Warped. Iyàrá márùn-ún náà ni, kírísítálì náà ni, òkúta iyebíye náà ni. Mo retí pé ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀lé Warped á gbé nǹkan mìíràn kún un.

Ó gbé díẹ̀ kún un, mi ò ní purọ́. Bàtà yíyọ́rìn kan wà tó ń jẹ́ kí Crash lè gun orí àpótí búm̀bù aláwọ̀ ewé láìjẹ́ kó bú. Èyí dùn gan-an, ọgbọ́n ló ń béèrè. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ibi tí Crash ti wà nínú bọ́ọ̀lù ńlá, tí ẹ ó máa yí i gba orí ọ̀nà tóóró. Ọmọkùnrin mi fẹ́ràn ibẹ̀ ju gbogbo Warped lọ, n kò sì bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn bọ́ọ̀lù, ẹ ó tún wọ ọkọ̀ abẹ́ omi, ẹ ó wọ ọkọ̀ òfuurufú, ẹ ó wọ ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ ńlá, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì le darí ju bó ti yẹ lọ. Warped náà ní alùpùpù àti ọkọ̀ òfuurufú, àmọ́ ẹ mọ̀ pé fífò àti sísáré lẹ́sẹ̀ ni oúnjẹ gangan, àwọn yòókù ẹran orí rẹ̀ ni. Nínú Wrath of Cortex, ẹran pọ̀ débi pé mo ń wá oúnjẹ.

Ọ̀rọ̀ Coco, àbúrò Crash obìnrin, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Nínú Warped, orí ẹkùn rẹ̀, orí omi tàbí inú ọkọ̀ òfuurufú nìkan ni ẹ ti lè darí rẹ̀. Wrath of Cortex jẹ́ kó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn, kó fò, kó jà. Ọmọbìnrin mi pariwo ayọ̀ nígbà tó rí i. Bí ẹ bá ní ọmọbìnrin tó ń béèrè ìdí tí ọkùnrin nìkan fi ń sáré nínú géèmù, èyí lè tó láti yí ìpinnu yín padà.

Àwọn nǹkan kéékèèké

Àwòrán: Wrath of Cortex, láìsí àríyànjiyàn.

Orin: méjèèjì dára.

Ẹni méjì lẹ́ẹ̀kan náà: kò sí èyí tó gbà á, páàdì kan ni ẹ ó máa gbà lọ́wọ́ ara yín.

Ẹ̀rọ mìíràn: Wrath of Cortex jáde lórí Xbox ní 2002, ìdúró rẹ̀ dín níbẹ̀, ṣùgbọ́n n kò tíì rí Xbox àtijọ́ yẹn lórí àtẹ kankan níhìn-ín. Bí PS4 ló wà nílé yín, N. Sane Trilogy tó jáde ní 2017 ni kí ẹ rà. Warped wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú àwòrán tuntun. Wrath of Cortex kò sí níbẹ̀.

Èwo wá ni kí ẹ rà?

Bí iná kì í bá lọ nílé yín, tí ẹ ní sùúrù, tí ọmọ yín fẹ́ Coco, tí ẹ kò sì fẹ́ ra káàdì kejì, ẹ lè mú Wrath of Cortex. Kì í ṣe géèmù burúkú. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ ra Warped àti káàdì PS1 kan. Àròpọ̀ owó méjèèjì kéré sí ohun tí mo san fún lẹ́ńsì.

Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ẹ má ṣe sanwó kí wọ́n tó tan ẹ̀rọ níṣojú yín. Ẹ ní kí wọ́n wọ ìpele kan, kí wọ́n jáde, kí wọ́n tún wọ òmíràn. Fún Wrath of Cortex, ẹ gbé fóònù dání kí ẹ wo aago. Fún Warped, ẹ ní kí wọ́n fi ìgbésẹ̀ pamọ́ sórí káàdì gan-an tí ẹ fẹ́ gbé lọ sílé, kí wọ́n pa ẹ̀rọ pátápátá, kí wọ́n tún un tàn, kí ẹ fi ojú ara yín rí i pé ohun tí wọ́n fi pamọ́ ṣì wà níbẹ̀. Bí oníṣọ́ọ̀bù bá ní kò síná tí òun lè fi dán an wò, ẹ ní ẹ ó padà wá nígbà tí iná bá dé.