Ẹ̀rọ léésà tí wọ́n fi ń wọn yàrá: mo ti lò ó, ẹ gbọ́ bó ṣe rí

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́lé lọ́wọ́ àbí tẹ́ ẹ fẹ́ tún ilé ṣe, ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ kékeré kan ni mo bá wá, èyí tí wọ́n fi ń wọn yàrá láìfa tépù. Ó wọ àpò dáadáa, bàtìrì tín-ín-rín méjì ló ń lò, AAA, irú èyí tó máa ń wà nínú rìmóòtù. Tẹ́ ẹ bá tẹ bọ́tìnnì ẹ̀, á tan iná pupa tó rí rogodo sára ògiri iwájú, ẹ tún un tẹ̀, á kọ ọ́ sójú ẹ̀ bí ibẹ̀ ṣe jìnnà tó. Mítà 40 ni tèmi lè wọ̀n dé, wọ́n sì kọ ọ́ sára páálí ẹ̀ pé kò ní fi ju mìlímítà 2 lọ ṣì í. Owó tí mo fi rà á ò tó owó páálí táìlì mẹ́ta. Kí n kúkú sọ èrò mi ní tààrà: ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fi owó ara ẹ̀ ra táìlì tàbí ọ̀dà fún ilé tó ju yàrá kan lọ, kó rà á.

Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ ni pé níbi tiwa, ojú ni wọ́n sábà máa ń fi wọnlé. Táìlà, ìyẹn ẹni tó ń to táìlì, á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á wo yàrá yí ká, á ní "páálí 15 ló máa gbà, mà", ó parí. Mi ò sọ pé olè ni wọ́n o, àwọn tó mọṣẹ́ dójú àmì pọ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló máa sanwó ọjà. Ẹlòmíì á fi lé e kí táìlì má bàa tán mọ́ ọn lọ́wọ́, ẹlòmíì á dín in kù kí iṣẹ́ náà lè jọ èyí tówó ẹ̀ ò pọ̀, tó bá wá ṣe ilẹ̀ dé ìdajì á pè yín pé ó ku páálí mẹ́ta. Páálí mẹ́ta yẹn ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀, torí táìlì kan náà, orúkọ kan náà, tí ilé iṣẹ́ bá ṣe é nígbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àwọ̀ ẹ̀ lè má bára mu. Ó ní nọ́ńbà tí wọ́n ń tẹ̀ sára páálí nítorí ẹ̀, ti báàṣì (ìgbà tí wọ́n ṣe é) àti ti ṣéèdì (bí àwọ̀ ẹ̀ ṣe rí), ẹ máa wò ó kẹ́ ẹ tó sanwó. Tẹ́ ẹ bá padà dé ọjà Odùnadé ní Orílé l'Ékòó lẹ́yìn oṣù kan, ẹ lè rí táìlì yẹn kẹ́ ẹ má rí nọ́ńbà yẹn mọ́, ilẹ̀ pálọ̀ yín á wá di aláwọ̀ méjì. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ilé tí ẹnì kan fi òógùn ojú ẹ̀ kọ́.

Ẹ jẹ́ ká fi yàrá kan ṣe é. Àwọn bíríkìlà á ní "12 by 12" ni. Nínú pláànù, 3600 ni wọ́n kọ, ìyẹn mítà 3.6, bẹ́ẹ̀ fíìtì 12 gangan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 3.66. Ó jọ nǹkan kékeré, àmọ́ 3.6 lọ́nà 3.6 jẹ́ square mítà 12.96, tí 3.66 lọ́nà 3.66 sì jẹ́ nǹkan bíi 13.4, ìyàtọ̀ yẹn nìkan ti ju táìlì 60 by 60 (sẹ̀ǹtímítà ni) kan lọ. Ẹ tún rántí pé nígbà tí wọ́n bá rẹ́ ògiri tán, yàrá á ti dín díẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, nítorí náà ẹ má fi pláànù ra ọjà, ẹ dúró kí wọ́n rẹ́ ògiri tán kẹ́ ẹ wá wọn ohun tó wà nílẹ̀. Ẹ̀rọ yìí ní bọ́tìnnì tó ń yí i láti mítà sí fíìtì, mítà ni kẹ́ ẹ fi sí, torí òun ni wọ́n fi ń kọ ọ́ sára páálí.

Ẹ tẹ ibi tí wọ́n ya àpótí kékeré sí, ẹ wọn gígùn, ẹ wọn fífẹ̀, fúnra ẹ̀ lá fi sọ́nà ara wọn tí á sì fún yín ní square mítà. Páálí táìlì 60 by 60, mẹ́rin ló sábà máa ń wà nínú ẹ̀, square mítà 1.44 nìyẹn. Ẹ pín 12.96 sí 1.44, ó jẹ́ 9 géérégé. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ẹ̀rọ parí sí, ibẹ̀ náà ni tiyín ti bẹ̀rẹ̀, torí páálí 9 ò lè tó láé. Skírtìn ńkọ́, ìlà táìlì tí wọ́n ń tò sí ìdí ògiri yíká? Yíká yàrá yẹn jẹ́ mítà 14.4, ẹ yọ ẹnu ọ̀nà tó jẹ́ 0.9, ó ku 13.5. Tí wọ́n bá ń gé táìlì kan sí ìlà oní sẹ̀ǹtímítà 10, márùn-ún tó pé ló máa jáde, kò lè jẹ́ mẹ́fà, torí abẹ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé e máa ń jẹ díẹ̀ lára ẹ̀ níbi gbogbo tó bá ti kọjá. Márùn-ún yẹn jẹ́ mítà 3, torí náà skírtìn á gba táìlì 5. 36 àti 5 jẹ́ 41, ẹ wá fi èyí tó máa fọ́ àti èyí tí wọ́n máa gé dànù kún un, páálí 11 ló bá a mu, táìlì 44. Ẹ wá wo iye tó wà láàárín 11 àti 15 tí táìlà pè, kẹ́ ẹ sì wo yàrá mélòó lẹ ní. Tó bá jẹ́ pé ìdábùú (láti igun sí igun) lẹ fẹ́ kí wọ́n to táìlì ọ̀hún, èyí tó máa bà jẹ́ á tún ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ fi bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún lé e.

Pálọ̀ tó ní dáínìn lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ pín in sí méjì, ẹ wọ̀n wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ fi bọ́tìnnì àròpọ̀ rò wọ́n pọ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ náà lọ.

Ti ògiri ló jẹ́ kí n fẹ́ràn ẹ̀ jù. Ẹni tó bá ti gbìyànjú láti na tépù dé síílìn lóun nìkan mọ ohun tí mò ń sọ, tépù á ká kò, ẹ ó máa wá àkàbà, ẹ ó máa wá ẹni tó máa bá yín dì í mú. Ẹ gbé ẹ̀rọ yìí sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ kọjú ẹ̀ sókè, ẹ tẹ̀ ẹ́, ó tán. Yàrá yẹn kan náà, tí gíga ẹ̀ bá jẹ́ mítà 3, ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ 43.2, ẹ yọ ilẹ̀kùn (0.9 lọ́nà 2.1) àti wíńdò méjì oní 1.2 lọ́nà 1.2, ó ku nǹkan bíi 38.4. Wọ́n máa ń kọ ọ́ sára ike ọ̀dà pé lítà kan á kun square mítà báyìí, tí wọ́n bá kọ 10, tẹ́ ẹ sì fẹ́ kùn ún lẹ́ẹ̀mejì, lítà 7.7 ló máa gbà, gálọ́ọ̀nù oní lítà 4 méjì nìyẹn, ike oní lítà 20 kan á kun irú yàrá yẹn méjì á tún ṣẹ́ kù. Àmọ́ ògiri tuntun tí wọn ò tíì fi nǹkan kan bò máa ń mu ọ̀dà gan-an ni, ẹ bá péńtà yín sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn kẹ́ ẹ tó rà.

Ilé ìwẹ̀ ló máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu jù. Èyí tó jẹ́ 1.5 lọ́nà 2.4, tẹ́ ẹ bá fẹ́ to táìlì sára ògiri ẹ̀ dé gíga mítà 2.4, lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti yọ ilẹ̀kùn àti wíńdò kékeré, ó ṣì máa tó square mítà 16.8, pẹ̀lú èyí tó máa fọ́ ó di páálí 13 táìlì 30 by 60 tí mẹ́jọ wà nínú ẹ̀. Yàrá tẹ́ ẹ ń sùn ò gbà tó bẹ́ẹ̀.

Ó ní àléébù o. Nínú oòrùn ẹ ò ní rí iná pupa yẹn rárá, nítorí náà ẹni tó fẹ́ wọn ìta ilé tàbí fẹ́ńsì, kó ṣe é ní kùtùkùtù tàbí nírọ̀lẹ́. Gíláàsì àti dígí máa ń dà á láàmú, ẹ gbé páálí pẹlẹbẹ kan síbẹ̀ kí iná lè bá a. Èyí tó yẹ kẹ́ ẹ ṣọ́ jù ni ibi tó ti ń bẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n: ó lè jẹ́ láti ìdí ẹ̀, ó lè jẹ́ láti orí ẹ̀, àmì kékeré kan ló ń fi hàn lójú ẹ̀, tí ọmọ bá ti fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ yí, gbogbo ìwọ̀n yín á fi bí ẹ̀rọ náà ṣe gùn tó yàtọ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí àwọn ọmọ tan iná ẹ̀ sójú ara wọn. Kò sì mọ̀ bóyá ògiri wọ́, ẹ̀yin lẹ máa wọn yàrá lójú méjì, ní ìpẹ̀kun ìhín àti ọ̀hún, èyí tó bá pọ̀ jù ni kẹ́ ẹ mú. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá igun rẹ̀ gún, ẹ wọ̀n ọ́n ní ìdábùú lẹ́ẹ̀mejì, láti igun kan dé igun tó dojú kọ ọ́, yàrá 3.6 lọ́nà 3.6 tó gún á fún yín ní 5.09 lọ́nà méjèèjì. Fún ìyẹn, èyí tó ní irin kékeré tó ń yọ jáde nídìí tẹ́ ẹ lè fi kan kọ̀rọ̀ ló dáa jù. Etí wíńdò, òpó, ibi ṣóńṣó, tépù ṣì ni, mi ò lè parọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun tẹ́ ẹ ń fowó ránṣẹ́ sílé, ẹ rà á fún ẹni tó ń bá yín bójú tó iṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń kọ́lé sí Ìkòròdú láti Lọ́ńdọ̀nù, mo máa ń ya fọ́tò ojú ẹ̀rọ nínú yàrá kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp, wọ́n á jókòó ṣírò ẹ̀ fúnra wọn kí wọ́n tó fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́, ọkàn wọn sì balẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ mú tépù tó dáa dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ na tépù sílẹ̀ láti ìdí ògiri, ẹ gbé ìdí ẹ̀rọ sórí mítà 3, ẹ kọjú ẹ̀ sí ògiri, ẹ tẹ̀ ẹ́ bíi ìgbà mẹ́ta. Tí ohun tó ń sọ bá ń yí padà, tàbí tó fi ju mìlímítà díẹ̀ lọ yàtọ̀ sí tépù, ẹ dá a padà fún wọn. Tí oníṣọ́ọ̀bù bá kọ̀ kẹ́ ẹ dán an wò, ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù kejì.