Ṣéènì Ojúlówó, Ṣéènì Eré-ìje Tàbí Kíìtì Olówó-Pọ́ọ́kú: Èwo Ló Yẹ Kámúṣáàfù Alágbára?

Àwọn tó ń pààrọ̀ kámúṣáàfù mọ́tò wọn, ìyẹn ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù ẹ́ńjìnì, sí èyí tó lágbára ju ti ilé-iṣẹ́ lọ kò pọ̀ ní Ìkòròdú, ṣùgbọ́n wọ́n wà, pàápàá láàrin àwọn tó ní Honda Accord ọdún 2003 àti àwọn tó tẹ̀lé e, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí End of Discussion. Owó kámúṣáàfù àti ti sípíríǹgì fáàfù ni wọ́n máa ń kó jọ tipẹ́tipẹ́. Ṣéènì táímìn tí yóò máa fa kámúṣáàfù ọ̀hún ni wọ́n máa ń rántí nígbà tí àpò bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Ohun mẹ́ta ni ọjà ń fi lọ ẹni tó bá dé orí ọ̀rọ̀ ṣéènì yìí: ojúlówó tí Honda fúnra rẹ̀ ń tà, ṣéènì eré-ìje tí àwọn tó ń ṣe ẹ̀yà ara mọ́tò alágbára ń ṣe, àti kíìtì olówó-pọ́ọ́kú tó ń kó gbogbo nǹkan wá sínú páálí kan. Mo ti lo kíìtì náà rí, ojúlówó ló sì wà nínú ẹ́ńjìnì mi báyìí; ti eré-ìje, ara mọ́tò ẹ̀gbọ́n kan ní Agric, tí a jọ máa ń tú ẹ́ńjìnì, ni mo ti mọ̀ ọ́n.

Pé kíráńkúṣáàfù, ọ̀pá tí písítìnì ń yí tí ṣéènì sì so mọ́ kámúṣáàfù, ń yí lẹ́ẹ̀mejì kí kámúṣáàfù tó yí lẹ́ẹ̀kan, kò sí ẹni tó ń ronú àtira kámúṣáàfù tí kò mọ̀ ọ́n, nítorí náà mo fò ó. Ohun tí àwọn ọlọ́jà kì í sọ ni ohun tí ojú ṣéènì yóò rí lọ́wọ́ kámúṣáàfù tuntun náà. Kámúṣáàfù alágbára máa ń gbé fáàfù ga sí i, ó sì máa ń jẹ́ kó pẹ́ ní ṣíṣí; kí fáàfù tó lè tètè padà sí àyè rẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ń yí kíkankíkan, a ní láti fi sípíríǹgì tó le ju ti tẹ́lẹ̀ sí i. Sípíríǹgì líle yìí a máa ta ko kámúṣáàfù nígbà tí fáàfù bá ń ṣí, a sì tún máa tì í síwájú nígbà tí fáàfù bá ń pa dé, tó fi jẹ́ pé ṣéènì á máa le, á máa dẹ̀, ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàrin ìṣẹ́jú kan. Irú wàhálà bẹ́ẹ̀ kì í sábà já ṣéènì. Ibi tí píìnì àti irin ojú ṣéènì ti ń ra ara wọn ló máa ń jẹ díẹ̀díẹ̀, títí gbogbo ṣéènì náà yóò fi gùn ju bó ṣe yẹ lọ. Ìdí nìyí tí mi ò fi ka ìpolówó pé ṣéènì kan «kò lè já» sí nǹkan kan. Ẹ bi ọlọ́jà bí yóò ṣe pẹ́ tó kó tó gùn.

Bí ṣéènì bá ti gùn, ẹ̀yìn àkókò ni kámúṣáàfù yóò máa dé. Mọ́tò á wá di ọ̀lẹ nígbà tó bá ń gbéra láti ojú kan, agbára tí ènìyàn fi owó ńlá rà kò ní yọjú àfi bí ẹ́ńjìnì bá ń ké tantan, ibo ni ènìyàn sì ti fẹ́ jẹ́ kó ké tantan láàrin súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Mile 12? Èyí tó tún burú jù ni ti fáàfù tó ń tú èéfín jáde: bí òun bá pẹ́ kó tó pa dé, písítìnì tó ń gòkè bọ̀ á sún mọ́ ọn jù, àyè àárín wọn tí kámúṣáàfù tuntun ti dín kù tẹ́lẹ̀ á sì tún dín kù sí i. Rẹ́wáyà tó bá fi ẹ̀rọ yẹ irú Honda bẹ́ẹ̀ wò sábà máa ń rí kóòdù P0341, èyí tó ń sọ pé kámúṣáàfù àti kíráńkúṣáàfù kò bá ara wọn mu mọ́.

Kí n tó lọ sí ibi tí ọ̀rọ̀ gan-an wà, ohun kan wà tó ń da àwọn olùrà láàmú. Ṣéènì tó ní róólà, irú èyí tó wà nínú ẹ́ńjìnì 2AZ-FE ti Camry Big Daddy, àti ṣéènì tí kò ní róólà, tí abala irin rẹ̀ ní eyín tó ń wọ inú jíà bíi ti Honda yìí, kì í ṣe ohun tí a lè fi ọ̀kan dípò èkejì, nítorí pé jíà wọn kò rí bákan náà. Ṣéènì róólà onílà-méjì tí àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń yìn nínú fídíò, ti ẹ́ńjìnì V8 wọn ni, níbi tí kámúṣáàfù ti wà nínú búlọ́ọ̀kù tí ṣéènì rẹ̀ sì kúrú. Kò kan Accord.

Ó wá ku tẹ́ńṣọ́nà, òun ni mo sì fẹ́ kí olùrà fi ọ̀pọ̀ àkókò rẹ̀ wò. Tẹ́ńṣọ́nà ni ọ̀pá kékeré kan tó ń yọ jáde láti inú ilé rẹ̀, tí agbára ọ́ìlì ẹ́ńjìnì ń tì síwájú kó lè tẹ gáìdì, apá tí ṣéènì ń yọ́ lé lórí, mọ́ ara ṣéènì. Eyín kéékèèké tó wà lára rẹ̀ ni kì í jẹ́ kó padà sẹ́yìn nígbà tí ẹ́ńjìnì bá kú tí ọ́ìlì sì ti ṣàn wálẹ̀. Bí eyín yẹn kò bá dára, kò sí irú ṣéènì tí a lè dè sí ẹ́ńjìnì, ìbáà jẹ́ èyí tí wọ́n fi irin ọkọ̀ òfuurufú ṣe, tí kò ní dẹ̀ ní òwúrọ̀ kí ọ́ìlì tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Pẹ̀lú sípíríǹgì ilé-iṣẹ́, mọ́tò lè fara dà á fún ìgbà díẹ̀. Pẹ̀lú sípíríǹgì líle, kò rí bẹ́ẹ̀.

Kíìtì tí mo rà wá pẹ̀lú ṣéènì, jíà, gáìdì, tẹ́ńṣọ́nà àti síìlì, páálí rẹ̀ fani mọ́ra, ṣéènì rẹ̀ gan-an kò sì burú lójú. Kò pẹ́ lẹ́yìn tí a dè é ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ṣàkàṣàkà níwájú ẹ́ńjìnì bí mo bá ti ṣáná sí i láàárọ̀, ariwo tó kọ́kọ́ ń dákẹ́ kíá tó sì wá ń pẹ́ sí i. Nígbà tó yá, ṣéènì fo eyín jíà, fáàfù èéfín sì tẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni a ṣe tú tọ́ọ̀pù, ìyẹn orí ẹ́ńjìnì, sílẹ̀ tí a sì gbé e lọ sọ́dọ̀ máṣínìísì. Ọlọ́jà tó tà á fún mi ní ọjà tí wọ́n bá ti dè mọ́ ẹ́ńjìnì kì í padà sí ṣọ́ọ̀bù òun. Mẹkáníìkì mi ní ẹ̀yìn Sábó ló gbé tẹ́ńṣọ́nà tí a yọ àti ojúlówó tuntun sórí tábìlì, ó ní, «Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi àtàǹpàkò yín tẹ méjèèjì wò.» Ọ̀pá ti kíìtì wọlé wẹ́rẹ́ láìsọ nǹkan kan. Ojúlówó kò mira, àfi ìgbà tí ó fi ọwọ́ gbé kọ́kọ́rọ́ kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sókè, tí ó ti ọ̀pá náà wọlé, tí ó sì fi wáyà tín-ín-rín kan há a mọ́ ibẹ̀ kó má baà yọ títí a ó fi dè é tán. Ẹnikẹ́ni lè ṣe irú àyẹ̀wò yìí níwájú ọlọ́jà, kò gba irinṣẹ́ kankan.

Gáìdì náà kò gbẹ́yìn. Ike ni ojú rẹ̀ tí ṣéènì ń yọ́ lé lórí, ike tí kò dára a sì máa gbẹ, a máa sán, àfọ́kù rẹ̀ a já sínú sọ́ọ̀ǹpù, àwo ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnì tí ọ́ìlì ń wà, a sì lọ dí ẹnu asẹ́ tí ọ́ìlì ń gbà wọlé. Nígbà tí a tú sọ́ọ̀ǹpù mi, a bá irú àfọ́kù bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Bí ọ́ìlì kò bá wá tó mọ́, ọ̀rọ̀ á kúrò ní ti ṣéènì, á di ti ẹ́ńjìnì tó nọ́ọ̀kì.

Ní ti ṣéènì eré-ìje, irin rẹ̀ le dáadáa, wọ́n sì fi iná mú un le dé ojú àmì. Ti ẹ̀gbọ́n Agric yẹn kò tíì fún un ní wàhálà kankan. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n máa ń tà á ní òun nìkan, láìsí tẹ́ńṣọ́nà àti gáìdì, tí olùrà yóò sì tún padà lọ ra ojúlówó tẹ́ńṣọ́nà kó tó lè lò ó. Òkè òkun ni a ti ń bèèrè rẹ̀, ó ń pẹ́ kó tó dé, owó kọ́sítọ́ọ̀mù sì wà lórí rẹ̀. Ẹni tó ń gbé ẹ́ńjìnì rẹ̀ lọ sókè ìyípo 8,000 láàrin ìṣẹ́jú kan léraléra ní pápá eré-ìje ni mo rò pé ó nílò rẹ̀ gan-an. Ẹni tó ń lọ láti Ìkòròdú sí Kétu lójoojúmọ́ kò dé ibẹ̀.

Ní ti owó, kíìtì ló kéré jù, ojúlówó tẹ̀ lé e, ti eré-ìje ló wọ́n jù bí a bá ro gbogbo ohun tó yí i ká pọ̀. Ní ti ariwo, ojúlówó dákẹ́ jù. Ní ti rírí, kíìtì wà níbi gbogbo. Ṣéènì tòkúnbọ̀ tí wọ́n yọ lára ẹ́ńjìnì òkè òkun, mi ò kà á mọ́ ohun tí a ń rà.

Ládípọ̀ ní Mushin ni ọ̀pọ̀ wa ń lọ láti Ìkòròdú, àwọn mìíràn a sì máa gba ASPAMDA lọ ní Trade Fair, lójú ọ̀nà Badagry. Ní ibi méjèèjì, ojúlówó àti ayédèrú rẹ̀ lè wà ní ṣọ́ọ̀bù kan náà, nínú páálí tó jọ ara wọn bí ìbejì, nítorí náà ẹ má wo páálí. Ẹ mú nọ́ńbà ẹ́ńjìnì yín lọ, kí wọ́n fi wá nọ́ńbà ẹ̀yà náà. Ẹ gbé ṣéènì dání pẹrẹsẹ, kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjú sílẹ̀: tuntun tó dára á nà gbọnrangandan díẹ̀ kó tó tẹ̀, èyí tí píìnì rẹ̀ ti ní àyè á ṣubú wálẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ wá ojú ṣéènì tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ọ̀tọ̀ náà, nítorí pé àwọn ni mẹkáníìkì yóò fi bá àmì ara jíà mu. Mo ti rí kíìtì tí ọ̀dà yẹn ṣí kúrò lọ́wọ́ kí a tó dé ilé.

Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì kan gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. 5W-20 ni Honda kọ fún Accord yìí ní Amẹ́ríkà, 20W-50 ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì wa sì ń dà sí i. Ọ́ìlì tó ki tóbẹ́ẹ̀ máa ń pẹ́ kó tó dé tẹ́ńṣọ́nà ní òwúrọ̀, àkókò yẹn gan-an ni ṣéènì ń jìyà. Ẹ sì má fi iye máìlì nìkan ṣírò ìgbà tí ẹ óò pààrọ̀ ọ́ìlì, nítorí pé wákàtí tí mọ́tò fi dúró sójú kan nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kò hàn lójú mítà, bẹ́ẹ̀ ọ́ìlì ń dọ̀tí.

Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ní ẹni tó yẹ. Kíìtì olówó-pọ́ọ́kú lè tó ẹni tó fẹ́ ta mọ́tò rẹ̀ láìpẹ́ tí kò sì fọwọ́ kan kámúṣáàfù rárá, bí ó bá lè fi ojúlówó tẹ́ńṣọ́nà rọ́pò ti inú páálí. Ṣéènì eré-ìje yẹ ẹni tó ń sáré ìje. Ẹni tó wà láàrin àwọn méjèèjì yìí, tó ti fi kámúṣáàfù alágbára sí mọ́tò tó fi ń lọ ibi iṣẹ́, kó ra ṣéènì, tẹ́ńṣọ́nà àti gáìdì ojúlówó pa pọ̀, kó sì fi owó tó kù sílẹ̀ fún ọ́ìlì.

Bí mẹkáníìkì bá dè é tán, ẹ jẹ́ kó fi sípánà yí kíráńkúṣáàfù ní ìyípo méjì pẹ̀lú ọwọ́, kó tó ṣáná sí ẹ́ńjìnì. Bí ó bá dé ibì kan tí kò lọ mọ́, kó má fi agbára tì í. Kó tú u, kó tún àmì rẹ̀ wò.