Ohun tí mo rí fún owó mi ní ilé-ẹ̀kọ́ ìgbohùnsílẹ̀

Oṣù 6 ni mo fi kọ́ṣẹ́ ìgbohùnsílẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Ìkẹjà, tí n kò ní dárúkọ, nítorí pé àléébù tí mo bá níbẹ̀ kò mọ sọ́dọ̀ wọn nìkan. Owó tí mo san ì bá ra máìkì gidi kan àti sípíkà méjì tó dára, ìdí nìyí tí mo fi ń ṣírò ohun tí mo rí gbà bí ẹni tó lọ ọjà.

Àwa 14 ni a ń pín míkísà, ẹ̀rọ tí a fi ń po ohùn pọ̀, kan ṣoṣo lò. Wákàtí 3 ni iṣẹ́ ọjọ́ kan, olùkọ́ a sì fi ìdajì rẹ̀ sọ̀rọ̀. Bí a bá pín èyí tó kù, kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 6 lọ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, bí iná kò bá lọ. Púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà, bíi pé ìgbà 44,100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ni a ń wọn ohùn fún àwo CD, tí ti fídíò sì jẹ́ 48,000, wà lórí YouTube lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọjọ́ kan wà ṣá, tó yàtọ̀. Olùkọ́ pe onílù kan wá pẹ̀lú ìyáàlù dùndún, ó ní kí a gba ohùn rẹ̀. Gbogbo wa sún máìkì mọ́ ojú ìlù pẹ́kípẹ́kí, ohun tí a sì gbọ́ kò ju ariwo kọ̀ǹgọ́ àti ṣaworo lọ. Olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ di etí kan, ó rìn yí onílù ká, kó tó gbé máìkì kan síwájú, ó jìnnà díẹ̀ sí ìlù. Ó wá gbé èkejì sẹ́yìn, níbi awọ kejì. Nígbà tí a ṣí méjèèjì pọ̀, ohùn ìsàlẹ̀ ìlù náà pòórá. Ó ṣàlàyé pé bí kọ̀ǹgọ́ bá ti lu awọ iwájú, ṣe ni awọ náà ń sá fún máìkì tirẹ̀, nígbà tí awọ ẹ̀yìn ń sún mọ́ tirẹ̀, tí ohùn méjèèjì fi ń pa ara wọn. Bó ṣe tẹ bọ́tìnì kékeré kan lórí míkísà láti yí ohùn ọ̀kan sódì, kí méjèèjì lè jọ máa lọ, ìlù fọhùn, a sì gbọ́ oríkì tí onílù ti ń kì láti àárọ̀.

Ọ̀gá sítúdíò tó ń gba ọmọ iṣẹ́ ni orogún ilé-ẹ̀kọ́ wọ̀nyí gan-an. Ọ̀nà àtijọ́ ni: ọmọ ọdún 16 ni Geoff Emerick nígbà tó wọṣẹ́ ní sítúdíò EMI ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1962, nígbà tó sì di 1966, òun ló ń gba ohùn ẹgbẹ́ olórin The Beatles sílẹ̀. Lọ́dọ̀ ọ̀gá, ìwọ yóò máa fọwọ́ kan ẹ̀rọ lójoojúmọ́, lẹ́yìn tí o bá ti fi oṣù mélòó kan ra oúnjẹ, tí o sì bu epo sí jẹnẹrétọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀gá tí mo bá ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́ mọ ìgbà tó yẹ kí a tẹ bọ́tìnì yẹn; kò mọ ìdí rẹ̀.

Ìwé ẹ̀rí mi wà nínú àpótí. Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àti sítúdíò tí mo wáṣẹ́ lọ kò bèèrè rẹ̀. Iṣẹ́ tí mo ti ṣe ni wọ́n ní àwọn fẹ́ gbọ́. Sátidé ni mo sì ṣe gbogbo èyí tí mo mú lọ, torí pé láti oṣù kẹta ẹ̀kọ́ wa ni ẹni tó ń tọ́jú ilé-ẹ̀kọ́ ti gbà láti ṣí yàrá fún èmi àti ẹlẹgbẹ́ mi méjì. Sátidé yẹn kò sí nínú ohun tí wọ́n tà fún wa. Bí wọ́n bá kọ ọ́ síbẹ̀, tí wọ́n sì dín kíláàsì kù sí ènìyàn 5, n ó tún san owó náà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìdajì rẹ̀ ló tọ́ sí wọn.