Ìgò DOT 4 ìlàjì lítà àti kálámù tí wọ́n fi ń dán ọ́ìlì bíréékì wò

Ìgò ọ́ìlì bíréékì DOT 4 onílàjì lítà ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí (DOT àti nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ irú ọ́ìlì bíréékì kọ̀ọ̀kan), àti kálámù oníbátìrì tí wọ́n fi ń wo bí omi ṣe pọ̀ tó nínú rẹ̀. Mo fọwọ́ sọ̀yà fún ìgò náà. Kálámù wúlò, àmọ́ ó níbi tí agbára rẹ̀ mọ.

Ohun tó mú mi yan ìlàjì lítà dípò lítà kan ni àṣẹ́kù. Ọ́ìlì bíréékì máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, bí iyọ̀ ṣe máa ń rin lásìkò òjò. Bí èèyàn bá fẹ́ bu ọ́ìlì díẹ̀ kún mástà, ìyẹn ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì bíréékì sí nínú ọkọ̀, ìwọ̀nba ló máa lò; ìyókù á wá jókòó sínú ìgò tí afẹ́fẹ́ ti gba ìdajì rẹ̀, á sì máa mu omi lọ.

Omi yẹn kì í ṣe nǹkan kékeré. DOT 4 tuntun kò gbọdọ̀ hó kí ooru tó tó 230°C. Bí omi inú rẹ̀ bá ti tó ìdá 3.7 nínú 100, 155°C péré ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ti DOT 3 jẹ́ 205°C ní tuntun, 140°C tí omi bá ti wọ̀ ọ́. Bí ọkọ̀ tó rù ẹrù bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, tí wọ́n ń tẹ bíréékì lemọ́lemọ́, ọ́ìlì inú kálípà, ìyẹn apá bíréékì tó wà nídìí táyà, lè gbóná débẹ̀. Tó bá hó, ó di oru. Ọ́ìlì kò ṣeé fún pọ̀, oru ṣeé fún pọ̀. Pẹ́dàlì á kàn rì wọlẹ̀ ni, ọkọ̀ ò ní dúró. Bó bá tutù tán, pẹ́dàlì á tún le padà, ẹni tó ń wà á á sì rò pé kò sí nǹkan kan.

Ẹnu ìgò yìí ni mo fẹ́ràn jù. Òrùka ike abẹ́ ìdérí máa ń já nígbà tí ẹ bá kọ́kọ́ yí i, fóìlì sì wà lábẹ́ rẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ ẹnu ìgò yíká. Ẹ rọra tẹ ikùn ìgò: ó yẹ kí fóìlì wú sókè díẹ̀, kí afẹ́fẹ́ má sì yọ. Bí etí kan bá ti ṣí, ẹ dá a padà, bó ti wù kó kún tó. Ẹ bó fóìlì náà kúrò pátápátá. Bí ẹ bá fi nǹkan gún un, ègé rẹ̀ lè já sínú ọ́ìlì.

Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ ṣí i sára ìgò, ẹ dé e pinpin, ẹ gbé e sí ibi tútù tí kò rin, níbi tí ọwọ́ ọmọdé kò tó. Lójú tèmi, bó bá ti lé ní oṣù mẹ́ta, kó má wọ mástà mọ́. Ẹ má dà á sínú ìgò ohun mímu láé. Ẹ má sì bù ú pẹ̀lú àrọ tí wọ́n fi da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì: ìwọ̀nba díẹ̀ ti tó láti mú kí àwọn rọ́bà inú mástà wú, kí wọ́n sì bàjẹ́. Èyí tí ẹ fà jáde lára ọkọ̀ kò gbọdọ̀ padà sínú rẹ̀.

Ẹ má gbára lé àwọ̀. Èyí tó dúdú ti bàjẹ́, ṣùgbọ́n èyí tó mọ́ gaara náà lè ti mu omi, torí omi náà pò mọ́ ọn, ojú ò lè rí i.

Ibẹ̀ ni kálámù ti wúlò. Ẹ ti irin méjì ẹnu rẹ̀ bọ mástà, iná á tàn: ewé, yẹ́lò tàbí pupa. Bí iná mànàmáná ṣe ń gba inú ọ́ìlì kọjá ló ń wò, bí ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ṣe po tiwọn yàtọ̀, nítorí náà ó lè ṣìnà. Yàtọ̀ síyẹn, ọ́ìlì inú mástà sábà máa ń dára ju ti inú kálípà lọ. Bó bá fi pupa hàn, ẹ pààrọ̀ gbogbo rẹ̀. Bó bá fi ewé hàn, tí ọ́ìlì náà sì ti pé ọdún méjì nínú ọkọ̀, ẹ ṣì pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń se ọ́ìlì náà títí tó fi hó ṣeé gbọ́kàn lé jù ú lọ.

DOT 5.1 lè bá DOT 4 lò pọ̀. DOT 5 jẹ́ sílíkóónì, kò gbọdọ̀ pàdé wọn.

Àléébù ìgò yìí kan ni pé ó máa ń kán lẹ́nu lẹ́yìn tí ẹ bá ti dà á tán. Ọ́ìlì yìí máa ń jẹ ọ̀dà ara ọkọ̀, nítorí náà ẹ di àkísà mọ́ ọrùn ìgò kí ẹ tó dà á. Bó bá kán sára ọkọ̀, ẹ da omi púpọ̀ lé e lójú ẹsẹ̀, ẹ má fi àkísà gbígbẹ ra á.