Utahraptor nínú Jurassic World Evolution 2: ohun tí ojú mi rí ní Kàbà

Oṣù kẹta rèé tí mo ti ń gbá géèmù yìí, níbi tí èèyàn ti ń kọ́ ọgbà tí àlejò ti ń wá wo dáínósọ̀, àwọn ẹranko ayé àtijọ́, lórí láàpútọ́ọ̀pù mi níbí ní Kàbà, ẹranko kan ṣoṣo ni mo sì fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí. Utahraptor, dáínósọ̀ kan tó ń jẹ ẹran, kò bá géèmù náà wá nígbà tó jáde lọ́dún 2021. Ẹ máa san owó rẹ̀ lọ́tọ̀, òun pẹ̀lú àwọn mìíràn nínú àdìpọ̀ kan, owó dátà tí ẹ ó fi gbé e wálẹ̀ á sì tún tẹ̀ lé e. Mo rò ó títí kí n tó san án.

Ẹ má fi í wé Velociraptor, ìbátan rẹ̀. Velociraptor tó gbé ayé gidi kò ju tòlótòló lọ. Utahraptor ni òmìrán ìdílé náà: ìpínlẹ̀ Utah ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti wú egungun rẹ̀, ọdún 1993 sì ni wọ́n fún un lórúkọ. Èékánná ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ bí dòjé, ó sì gùn tó 20 sẹ̀ǹtímítà. Ẹni tí dòjé bá ti ṣá lóko rí mọ ohun tí mò ń wí.

Nínú géèmù, ẹ ó rán àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì lọ wú egungun, wọ́n á yọ DNA, èròjà àbùdá ẹranko náà, nínú rẹ̀, ẹ ó sì fi ẹ̀rọ pa ẹyin bí àwọn tó ń sin adìẹ. Ẹ jẹ́ kí àwọn onímọ̀ náà máa sinmi o. Bó bá rẹ̀ wọ́n jù, wọ́n á ba nǹkan jẹ́ fún yín nínú ọgbà.

Mẹ́rin ni mo kọ́kọ́ tú sílẹ̀, ní ìdí òkè kan tó jọ àwọn òkè tó yí Kàbà ká. Ibi tí ọ̀kan bá yà sí ni ìyókù ń yà sí, bí ajá ọdẹ. Mo gbé ẹ̀rọ tó ń tú ewúrẹ́ sílẹ̀ sí àárín wọn. Àṣé màmá mi, tó ń sin ewúrẹ́ lẹ́yìnkùlé, ti dúró lẹ́yìn mi.

“Ìwọ ọmọ yìí, ewúrẹ́ ta lo fi ń bọ́ ẹranko yẹn?”

“Ẹ má bínú, mà, ewúrẹ́ inú kọ̀ǹpútà ni.”

Wọn ò dá mi lóhùn. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n gbà lọ, wọ́n lọ ka ewúrẹ́ wọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an ni iná. Ọgbà onírin tí iná ń gbà kọjá ló ń dá àwọn ẹranko yìí dúró, bí iná bá sì kúrò lára rẹ̀, irin lásán ló kù. Mo ti ń ṣe ahun, mi ò ra gẹnẹrétọ̀ nítorí pé owó ọgbà ni wọ́n fi ń ra epo rẹ̀. Ìjì dé, iná lọ, ọgbà ya. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jáde, àwọn àlejò ń sá kiri. Mo bọ́ sínú hẹlikópítà fúnra mi, mo ń yin ìbọn oorun. Ìkejì ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dá dùbúlẹ̀ tí wọ́n mú iná lọ ládùúgbò wa! Bátìrì láàpútọ́ọ̀pù mi ti kú tipẹ́, ara wáyà ló ń gbé. Ojú rẹ̀ dúdú kọrọ.

Ọjọ́ kejì ni iná dé. Géèmù náà ti fi iṣẹ́ mi pamọ́ fúnra rẹ̀ ṣáájú ìjì, gẹnẹrétọ̀ ni mo sì kọ́kọ́ rà. Ọmọ Kàbà ni mí o, ẹnikẹ́ni ò yẹ kó kọ́ mi ní èyí.

Tí ẹ bá ń gbá Sandbox, ọ̀nà tí ẹ ti lè ṣe géèmù náà bó ṣe wù yín, tí ẹ sì pa ọ̀rọ̀ owó àti iná tì, ẹ má wulẹ̀ rà á. Ẹ kàn máa wo ẹranko tó ń rìn ni. Ọ̀nà tó le, tí wọ́n ń pè ní Challenge, ni kí ẹ ti gbá a, níbi tí owó ti ń já yín láyà. Ẹ sì rí i pé kọ̀ǹpútà yín lágbára, torí tèmi ń gbóná bí ààrò.

Mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un. Bí wọ́n bá jí láàpútọ́ọ̀pù yìí lọ́la, màá tún gbé Utahraptor wálẹ̀ sórí òmíràn, ṣùgbọ́n bátìrì tó dáa ni màá kọ́kọ́ wá.