Ìtúnṣe bátìrì Leaf tòkunbọ̀ ní Adó-Èkìtì: ibi tí iṣẹ́ náà ti dáa, ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó

Nissan Leaf àkọ́kọ́, ọkọ̀ oníná tí bátìrì rẹ̀ ń gba iná 24 kWh, ni ọkọ̀ tí wọ́n tún bátìrì rẹ̀ ṣe náà. Sẹ́ẹ̀lì 192, ìyẹn bátìrì kéékèèké, ló wà nínú módúùlù 48, ìyẹn àpò tó kó wọn pọ̀, lábẹ́ ilẹ̀ rẹ̀. Méjìméjì ni wọ́n so sẹ́ẹ̀lì náà pọ̀, wọ́n wá to ìdì 96 náà tẹ̀ léra bí ìlẹ̀kẹ̀ lórí okùn. Ìdí nìyẹn tí ìdì kan ṣoṣo tó bá rẹ̀ fi ń dá gbogbo yòókù dúró. Nínú ìgboro Adó, ẹ lè má fura. Ẹ jẹ́ kó kọjá Àràmọkọ, kó dojú kọ òkè Ẹ̀fọ̀n-Aláayè: fólítì ìdì tó rẹ̀ á já wálẹ̀, iná tó rí bí ìjàpá á tàn lójú dáṣíbọọ̀dù, ọkọ̀ á wá máa wọ́.

Àwọn tó tún un ṣe mọ̀ pé iná kì í ṣe ohun àfọwọ́ṣeré. Wọ́n kọ́kọ́ tú orí bátìrì kékeré onífólítì 12, wọ́n yọ púlọ́ọ̀gì aláwọ̀ ọsàn tó ń gé iná ńlá, wọ́n dúró ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, wọ́n wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó ń gba fólítì 1,000, wọ́n sì fi mítà wò ó kí wọ́n tó tú wáyà kankan. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀: nǹkan bí fólítì 400 ló wà nínú rẹ̀ tó bá kún, yíyọ púlọ́ọ̀gì kò sì pa iná inú àpótí bátìrì náà.

Módúùlù mẹ́ta ni wọ́n pààrọ̀, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ṣì í. Wọn ò mú fólítì wọn bá ti àwọn tó kù dọ́gba. Ó yẹ kí wọ́n ṣáàjì wọn súnmọ́ra, kí wọ́n wá so pósítíìfù mọ́ pósítíìfù, nẹ́gátíìfù mọ́ nẹ́gátíìfù, di ọjọ́ kejì. Ohun tó ń mú sẹ́ẹ̀lì dọ́gba nínú ọkọ̀ kò lágbára, mílíámpù díẹ̀ ló ń fà; ó lè gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Títí dìgbà náà, bí ìdì tó ga jù bá ti kún, ṣáàjì á dáwọ́ dúró, yòókù ò sì ní kún.

Ẹ má fi ìlà 12 tó ń fi ìlera bátìrì hàn lójú dáṣíbọọ̀dù ra ọkọ̀ o! Ẹni tó ń tà á lè pa ìrántí kọ̀ǹpútà bátìrì rẹ́, kí ìlà kún fún ìgbà díẹ̀. Àbájáde LeafSpy, áàpù fóònù tó ń ka bátìrì Leaf, ni kẹ́ ẹ béèrè: SOH, ìyẹn ìlera bátìrì ní ìdá ọgọ́rùn-ún, àti ìyàtọ̀ sẹ́ẹ̀lì tó ga jù sí èyí tó rẹlẹ̀ jù, ṣáájú iṣẹ́ àti lẹ́yìn rẹ̀. Ìgbà tí ọkọ̀ bá ń gun òkè ni kẹ́ ẹ wò ó, nítorí bátìrì tó ń sinmi máa ń dára lójú.

Tí gbogbo módúùlù bá ti gbó bákan náà, ẹ má pààrọ̀ díẹ̀díẹ̀. Owó yín á ṣòfò. Leaf yìí kò ní omi tàbí fáànù tó ń tu bátìrì lára, ooru ẹ̀ẹ̀rùn sì ń jẹ ẹ́, pàápàá tó bá kún dẹ́nu tó tún wà lóòrùn. Odindi àpótí ló yẹ kẹ́ ẹ rà. Ti 40 kWh wọlé sáyè rẹ̀, bí wọ́n bá fi ẹ̀rọ kékeré tó ń ṣe ògbufọ̀ láàárín bátìrì àti ọkọ̀ sí i.

Ohun mìíràn tó kù díẹ̀ káàtó ni ìdérí àpótí bátìrì: gọ́ọ̀mù àtijọ́ ni wọ́n tún lò. Bí òjò bá wọlé, iná á máa jò sára irin, ọkọ̀ lè kọ̀ láti tàn. Ẹ ní kí wọ́n fi gọ́ọ̀mù tuntun lẹ̀ ẹ́, kí wọ́n sì fẹ́ atẹ́gùn sí i wò bóyá ó ń jò, kí wọ́n tó gbé e padà sábẹ́ ọkọ̀.