TiDB bá MySQL mu lóòótọ́, àmọ́ ẹ bi wọ́n léèrè pé dé ibo

Ìpolówó TiDB, ibi ìpamọ́ dátà (database) tó ń ṣiṣẹ́ lórí sáfà púpọ̀, ní ó bá MySQL, database tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò, mu. Irọ́ kọ́. Ẹ tẹ `mysql -h 127.0.0.1 -P 4000 -u root`, ẹ ti wọlé nìyẹn. Kóòdù PHP tàbí Java yín kò ní mọ̀ pé nǹkan yí padà. Láti ẹ̀dà TiDB 7.4, bí ẹ bá bi í ní `SELECT VERSION()`, 8.0.11, nọ́ńbà ẹ̀dà MySQL, ni yóò fi bẹ̀rẹ̀ ìdáhùn. Ìwà rẹ̀ ló ku ká yẹ̀ wò, ibẹ̀ sì ni ìpolówó ti dákẹ́.

AUTO_INCREMENT, tó ń fún ìlà tuntun kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà fúnra rẹ̀, ni kí ẹ kọ́kọ́ dán wò. `tiup playground --db 2` (tiup ni irinṣẹ́ tí a fi ń gbé TiDB kalẹ̀) á gbé sáfà TiDB méjì dìde lórí kọ̀ǹpútà yín. Ẹ fi ìlà kan sínú tábìlì láti sáfà kìíní: nọ́ńbà 1. Láti èkejì: 30001. Ẹ padà sí ìkíní: 2. Sáfà kọ̀ọ̀kan ló ń bu 30,000 nọ́ńbà pamọ́ kí ó má baà máa dúró de ẹnìkejì rẹ̀. Nọ́ńbà méjì kò ní jọra, àmọ́ wọn kò tẹ̀lé ara wọn, nítorí náà `ORDER BY id DESC LIMIT 1` kò lè sọ ẹni tó rajà kẹ́yìn fún yín mọ́. Láti 6.4, ẹ lè kọ `AUTO_ID_CACHE 1` nígbà tí ẹ bá ń dá tábìlì sílẹ̀. Ó lè fà díẹ̀, ṣùgbọ́n nọ́ńbà á tò.

Ti lẹ́tà ló burú jù lójú mi, torí kò ní pariwo. Bí ẹ kò bá yan nǹkan kan, ìlànà ìfiwéra lẹ́tà (collation) tí MySQL 8.0 á lò ni utf8mb4_0900_ai_ci, tí kì í ka àmì orí lẹ́tà àti lẹ́tà ńlá sí: “Adé”, “ade” àti “ADE” á di ọ̀kan. TiDB á lo utf8mb4_bin, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á sì yàtọ̀. Oníbàárà á wá orúkọ ara rẹ̀ tì. Ímeèlì kan náà, tí ìyàtọ̀ rẹ̀ kò ju lẹ́tà ńlá kan lọ, á ṣí àkántì méjì láìka UNIQUE, òfin tó ní kí ohun kan má wọlé lẹ́ẹ̀mejì, sí. Ẹ kọ COLLATE sí gbogbo tábìlì. 0900_ai_ci wà nínú TiDB láti 7.4. (Ẹni tó ń ṣe ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá ni kí ó fi _bin sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, torí lójú ai_ci, ọkọ, ọkọ̀ àti oko kò yàtọ̀.)

Trigger (iṣẹ́ tó ń ṣe ara rẹ̀ nígbà tí dátà bá yí padà) àti stored procedure (ètò tí a kọ pamọ́ sínú database) kò sí nínú TiDB rárá. Ẹ wo `information_schema.TRIGGERS` àti `ROUTINES` nínú MySQL yín kí ẹ tó kó ẹrù lọ sí TiDB.

Gbogbo èyí wà nínú ìwé ìlànà wọn, wọ́n sì kọ ọ́ dáadáa. Ojú ìpolówó ló yẹ kí wọ́n gbé e sí: ẹ̀dà MySQL tí wọ́n ń tẹ̀ lé, ohun tí kò sí, àti ohun tí ó ń gbà láìṣe é. Foreign key (ìdè tó so ìlà tábìlì kan mọ́ ti òmíràn) wà nínú ti ìkẹyìn yìí tẹ́lẹ̀: kí 6.6 tó dé, á gbà á wọlé, kò ní ṣọ́ ọ. Èyí tí ẹ bá dá nígbà náà kò ní ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ìgbéga pàápàá. Ẹ ṣe `SHOW CREATE TABLE`. Bí ẹ bá rí `FOREIGN KEY INVALID`, ẹ yọ ọ́, kí ẹ tún un dá.